Àyẹ̀wò Àrùn Ìbálòpọ̀ fún Àwọn Obìnrin: Nílé Ni Tàbí Nílé Ìwòsàn?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín ní ìtìjú nínú, ṣùgbọ́n àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020 nìkan, ìgbà mílíọ̀nù 374 ni àwọn ènìyàn kó ọ̀kan nínú àrùn ìbálòpọ̀ mẹ́rin tí oògùn ń wò sàn. Àtọ̀sí, kílámídíà àti sífílíìsì wà nínú wọn. Ohun tí ó burú ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní àtọ̀sí tàbí kílámídíà kì í mọ̀. Kò dùn wọ́n, kò yún wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ń gòkè lọ sínú ilé ọmọ, tí ó sì lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà. Nígbà tí ó bá yá, wọn a máa wá ọmọ, wọn kò ní rí. Sífílíìsì ní tirẹ̀ lè pa ọmọ sínú aboyún, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì tí a bá gbà lásìkò lè gba ọmọ náà là.

Ní 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ojú tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ fi ń wo àìrọ́mọbí. Orí obìnrin ni ìyà rẹ̀ ń já lé jù. Àwa náà mọ̀ pé ayé àti àjẹ́ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Kí ni kì í jẹ́ kí àwọn obìnrin wa lọ ṣe àyẹ̀wò? Ojú ni. Ní ìlú tí a ti mọ ara wa bí ẹni mowó, nọ́ọ̀sì tí ó ń kọ orúkọ lè jẹ́ àbúrò ọkọ. Nítorí náà ni a ṣe yọ̀ sí ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi síta ní 2019, pé kí a fún obìnrin ní àǹfààní láti fúnra rẹ̀ mú ohun tí a ó yẹ̀ wò fún àtọ̀sí àti kílámídíà. Yóò fọ ọwọ́, yóò ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú bọ ojú ara díẹ̀, yóò yí i, yóò dá a padà sínú ìgò rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí. A ń fi í ránṣẹ́ sílé wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwádìí sì fi hàn pé èyí tí obìnrin fúnra rẹ̀ mú kò kéré sí èyí tí dókítà mú.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Nínú agboolé tiwa, ilé kọ́ ni ibi àṣírí nígbà gbogbo. Ìyá ọkọ lè ṣí àpò ìyàwó. Àyẹ̀wò nìkan kì í sì í woni sàn. Ẹni tí ó bá sáré ra kápúsù lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì ń fi owó ṣòfò, nítorí pé àtọ̀sí ti mọ ọ̀pọ̀ oògùn àtijọ́ lójú. Aboyún, àti ẹni tí inú ìsàlẹ̀ ń dùn tàbí tí ara rẹ̀ ń gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ tààrà. Bí a bá sì wo ìyàwó tí a kò wo ọkọ, ọkọ yóò tún kó o ràn án.

Nítorí náà, ilé àti ilé ìwòsàn kì í ṣe orogún. Jẹ́ kí obìnrin mú un ní ibi tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí, kí ilé ìwòsàn yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì tọ́jú tọkọtaya. A bẹ Ẹgbẹ́ wa pé kí ó yan ìgbìmọ̀ tí yóò bá Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa sọ̀rọ̀, kí yàrá kan lè wà ní àwọn ilé ìlera wa tí obìnrin yóò ti mú un láìsí pé a pe orúkọ rẹ̀ láàárín èrò. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú owó aṣọ ẹgbẹ́ ọdún tí ń bọ̀ di owó àyẹ̀wò fún àwọn tí kò ní. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ tẹ̀lé ìyàwó yín lọ.

Ọmọ laṣọ. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ìtìjú bọ́ ọ lára wa.