Ojú Tí Ń Ṣọ́ Ilé: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ilé Àtijọ́ Èkó



Àwa ará Èkó a máa yangàn pé ìlú àtijọ́ ni ìlú wa. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá bi wá léèrè pé ta ni ó kọ́ ilé tí ń bẹ níwájú wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dákẹ́. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ilé tí ará ìlú kò mọ̀ kì í ní agbèjà.

Ní ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez, tí í ṣe Àgùdà, kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí ẹ̀bá gbàgede Tinúbú. Ilé náà ni a wá mọ̀ sí Ilójò Bar. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Òfin wà, ìwé sì wà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o lulẹ̀. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Ojú ará ìlú ni a sì lè fi ṣọ́ ilé. Báwo ni a ó ṣe la ojú náà?

Èkíní ni ẹsẹ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Kí ènìyàn mẹ́wàá kó ara wọn jọ ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ọjà tó kún, kí wọ́n rìn la Pópó Àgùdà já. Kí wọ́n gbé ojú sókè, nítorí ìsọ̀ ti bo ìsàlẹ̀ ilé. Òkè ni ọnà kù sí: fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, àti òdòdó tí a mọ sára ògiri.

Èkejì ni ẹnu. Kí a mú àgbà bíríkìlà kan dání, kí ó ṣàlàyé bí a ti ṣe iṣẹ́ náà. Kí a sì fi ọ̀wọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìdílé tí ó ni ilé. Ẹni tí ó bá béèrè ni yóò gbọ́ pé João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní ọdún 1894. Nígbà náà ni yóò mọ̀ pé ọnà tí ó rí lára ilé àwọn Àgùdà ni ó tún ń rí lára mọ́ṣáláṣí náà, àti pé aládùúgbò ti ń bá aládùúgbò kọ́ ilé tipẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀kùn. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1984, àti ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 1992, a ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún tí a ń ṣí ilé ńláńlá sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Èyí kò ju agbára wa lọ. Ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí ó wà ní Broad Street, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wọ̀ rí, di ọgbà ìgbafẹ́ ní ọdún 2010, tí a ń pè ní Freedom Park. Kí ni ó dé tí ilé ìjọsìn wa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? A fi òkúta ìpìlẹ̀ Kàtídírà Kristi ní Marina lélẹ̀ ní ọdún 1925, a sì parí rẹ̀ ní ọdún 1946. Mélòó nínú àwọn tí ń jókòó níbẹ̀ ni ó ti wo òkúta náà rí?

A kò gbàgbé pé òrùlé àtijọ́ a máa jò, pé àtúnṣe a máa náni lówó, àti pé ìdílé tí ó ni ilé lè fẹ́ tà á. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe bá wọn gbé ẹrù tí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lórí wọn?

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, kí oṣù yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa yan ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò rẹ̀. Kí ó béèrè orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì mú ọmọ kan lọ́wọ́ lọ wò ó.