Ìtọ́jú Ìbòjú Fèrèsé àti Eruku Orí Rẹ̀

Ó lè ya ẹlòmíràn nínú yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ eruku ni àwa gbé wá síwájú irú àpéjọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù gbọ́ wa ná.

Nígbàtí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ a máa gbé eruku láti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì wá bá wa. Kò sì sí ohun tí ó gbà á mọ́ra bí ìbòjú fèrèsé onípẹlẹbẹ, èyítí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní búláíǹdì. Bí pẹlẹbẹ 30 bá wà lórí fèrèsé kan, ojú 60 ni eruku rí sùn sí.

Àwa pẹ̀lú ti ṣe àṣìṣe rí: ìgbálẹ̀ gbígbẹ ni a fi gbá tiwa. Eruku náà fò sókè, ó bà sórí ibùsùn àti sínú àwo, gbogbo ilé sì húkọ́ mọ́jú. Aṣọ rírọ̀ tí a fi omi rin, tí a sì fún dáradára, ni ó yẹ. Ẹ yí àwọn pẹlẹbẹ náà dé, ẹ nù wọ́n láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, lẹ́hìn náà kí ẹ yí wọn sí apá kejì. Èyítí a fi igi ṣe kò gbọdọ̀ wọ inú omi, nítorí yóò wú, yóò sì wọ́.

Ṣùgbọ́n eruku kan wà tí kì í ṣe ti ọyẹ́. Ní ọdún 1996, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójútó ààbò ohun èlò ilé kéde pé a rí òjé nínú irú ìbòjú oníke kan tí a kó wá láti Ṣáínà, Táíwàn, Indonéṣíà àti Mẹ́síkò. Àwọn tí ó ṣe é po òjé mọ́ ike náà kí ó má bàa tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n oòrùn àti ooru a máa jẹ ike náà díẹ̀díẹ̀, òjé a sì di eruku lúbúlúbú lórí rẹ̀. Ọmọdé a fi ọwọ́ kàn án, a sì fi ọwọ́ kan náà sí ẹnu. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, láìfi àmì kankan han òbí.

Ẹ̀yin ìyá yóò wí pé, “A ó fọ̀ ọ́.” Kò tó! Bí a fọ̀ ọ́ lónìí, oòrùn yóò tún mú òmíràn jáde. Àjọ náà gbà wọ́n níyànjú láti yọ ọ́ kúrò ní ilé tí ọmọ ọdún 6 tàbí èyítí ó kéré sí i wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra àlòkù oníke tí kò mọ ọdún tí a ṣe é, kí ó yọ ọ́, kí ó má sì ṣe fi í ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Okùn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ so ó sókè níbití ọwọ́ ọmọ kò lè dé, nítorí irú okùn bẹ́ẹ̀ ti fún ọmọ lọ́rùn pa rí.

Àwa mú ìbòjú kan àti aṣọ ìnùlé wá síhìn-ín. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rí bí a ti ń yí i, kí ó súnmọ́ tábìlì.