Ìjánu Tó Dẹ̀: Ibà, Lupus àti Ogún Inú Ẹ̀jẹ̀ Wa



Ìbàdàn ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, ní ọsibítù UCH. Láti ọdún 1957 títí di 1966, aláìsàn 98,454 ni wọ́n dá dúró síbẹ̀. Brian Greenwood, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, jókòó ti àkọsílẹ̀ wọn, ó ń wá irú àìsàn kan: èyí tí ara ènìyàn fi ń gbógun ti ara rẹ̀. Làkúrègbé tó ń wú oríkèé ọwọ́ tó sì ń wọ́ ọ wà lára wọn. Lupus, tó ń bá awọ, oríkèé àti kíndìnrín jà, náà wà lára wọn. Ẹni 104 péré ló rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wá, irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ní 1968, nínú ìwé ìròyìn The Lancet, ó kọ ọ́ pé ó jọ pé ibà àti àwọn àrùn mìíràn tó ń bá wa gbé láti kékeré ló ń tẹ ìjà náà rì.

N kò gbà pé 104 yẹn kó gbogbo wọn tán. Obìnrin tó ń jẹ̀rora oríkèé ní Ṣakí tàbí Ìgbóọrà nígbà náà, ta ni yóò gbé e dé UCH? Ṣùgbọ́n Greenwood kò dúró lórí àkọsílẹ̀ nìkan. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ibà eku ran àwọn eku kan tó jẹ́ pé a bí àìsàn tó jọ lupus mọ́ wọn. Àìsàn náà kò lè mú àwọn tó ní ibà bó ṣe mú àwọn tí kò ní. Ibà, tó ti pa ọmọ wa láìmọye, tún ń dí ọ̀nà mọ́ àìsàn mìíràn.

Báwo ló ṣe ń rí bẹ́ẹ̀? Ara ní àwọn ẹ̀ṣọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dá àlejò burúkú mọ̀, tó sì ń pa á. Bí ẹṣin ogun ni wọ́n rí, wọn kò ṣeé fi sílẹ̀ láìsí ìjánu. Jíìnì kan tó ń jẹ́ FCGR2B ló ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìjánu náà. Irú jíìnì yìí kan wà tí lẹ́tà kan ṣoṣo ti yí padà nínú rẹ̀, ìjánu tó ń ṣe sì dẹ̀. Ẹni tó bá jogún irú yìí lọ́dọ̀ bàbá, tó tún jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ a máa gbóná: wọn a tètè gbé kòkòrò ibà mì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan náà sì lè kọjú ìjà sí awọ, oríkèé àti kíndìnrín onílé.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2010, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cambridge wà nídìí rẹ̀, fi ìhà méjèèjì hàn. Láàrin àwọn ọmọdé ní Kenya, àwọn tó jogún ìjánu dídẹ̀ yìí lọ́nà méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú àwọn tí ibà líle gbé dé ọsibítù. Láàrin àwọn ará Éṣíà àti Yúróòpù, ogún yìí kan náà ló mú kí lupus tètè máa bá ènìyàn. Irú jíìnì yìí sì pọ̀ ní Áfíríkà àti Gúúsù-Ìlà-oòrùn Éṣíà ju Yúróòpù lọ. Ó jọ pé ìdí rẹ̀ nìyí: ibà kì í dúró kí ọmọ dàgbà kó tó pa á. Lupus ní tirẹ̀, obìnrin tó ti ń bímọ ló sábà máa ń mú. Nítorí náà, ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ ibà dàgbà, ó bímọ, ó sì gbé jíìnì náà fún ọmọ rẹ̀ kí àìsàn tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ AS ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ ibà, tí ẹ̀jẹ̀ SS, ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, sì ń dá ọmọ lóró, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí yín.

Yúróòpù náà ní tirẹ̀. Ní 2022, àwọn onímọ̀ kan yẹ egungun àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti Dẹ́ńmáàkì wò, àwọn tó kú ṣáájú àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1348 tí wọ́n ń pè ní Black Death, nígbà rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní irú jíìnì ERAP2 kan ló gba ọ̀pọ̀ là, èyí tó ń dá kún àìsàn ìfun tí wọ́n ń pè ní Crohn lónìí. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti ta ko ìṣirò wọn, èmi náà kò sì tíì fọwọ́ sí i.

Ẹ wá wo àwọn ìbátan wa ní Amẹ́ríkà. Ní 1951, wọ́n ti lé ibà kúrò níbẹ̀. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ń ní lupus tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Jíìnì nìkan kọ́, mo ń tẹnu mọ́ ọn. Ìṣẹ́, ìnira ayé àti àìrí ìtọ́jú gidi wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ogún inú ẹ̀jẹ̀ kò ṣẹ́kù sínú ọkọ̀ ẹrú. Ogun ibà ti kúrò níwájú rẹ̀, ìjánu dídẹ̀ ṣì wà.

Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò ní kí ibà má lọ nílẹ̀ wa. Kó lọ pátápátá! Àmọ́ bó ṣe ń lọ, ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ ohun tó lè wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé ń ya àwòrán jíìnì ọmọ aráyé nínú iṣẹ́ HapMap, Yorùbá Ìbàdàn 90 ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ. Ayé ti fi ẹ̀jẹ̀ wa kọ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀. Síbẹ̀ ó ń dùn mí pé nílẹ̀ wa, obìnrin tó ní lupus, tí irun rẹ̀ ń já, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ẹni pé labalábá bà sí i, tí oríkèé ń ro, ṣì ń lo oògùn ibà léraléra, tàbí kí wọ́n ní ayé ló ń ṣe é, títí kíndìnrín rẹ̀ fi bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó ń gba ẹni tó ní lupus sílẹ̀ jù lọ jẹ́ ìbátan kòloróòkúìnì tí gbogbo wa ti lò rí. Hydroxychloroquine lorúkọ rẹ̀. Oògùn ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ó ń dín ìgbónára àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kù, ó sì ń mú kí kíndìnrín pẹ́. Dókítà gbọ́dọ̀ wọn ìwọ̀n rẹ̀ fúnni, kó sì máa yẹ ojú aláìsàn wò lóòrèkóòrè, torí lílò pípẹ́ lè ṣe ojú léṣe.