Dídá Owó Jọ Láti Ra Ilẹ̀: Ohun Tí Mo Rí Lọ́dọ̀ Àwọn Wiyot

  

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó ilẹ̀ tí a ń dá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti sú àwọn kan nínú wa, nítorí náà n kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà jíjìn ni mo fẹ́ mú yín lọ, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ ẹ̀yà kan tí à ń pè ní Wiyot.

Àwọn Wiyot ti wà létí òkun yẹn kí òyìnbó kankan tó débẹ̀. Erékùṣù kan wà nínú ọ̀sà Humboldt, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Eureka, Tuluwat ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣe ọdún tí wọ́n gbà pé ó ń tún ayé ṣe, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa náà ṣe ń ṣọdún kí ìlú lè tòrò. Ní oṣù Kejì ọdún 1860, ní àsìkò ọdún náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin wọn kò sí nítòsí, àwọn aláwọ̀ funfun kan wọ erékùṣù náà lóru pẹ̀lú àáké àti ọ̀bẹ. Obìnrin, ọmọdé àti arúgbó tó ń sùn ni wọ́n pa. Ẹnikẹ́ni kò jẹ́jọ́ rẹ̀. Bret Harte, tó wá di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ìwà ìkà ni. Òun ló wá di ẹni tó ń sá kúrò ládùúgbò. Erékùṣù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n kọ́ ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe sórí ilẹ̀ ọdún náà, ọ̀dà àti kẹ́míkà sì ń dà sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti ọdún 1992 ni àwọn Wiyot àti àwọn ará ìlú Eureka tó bá wọn kẹ́dùn ti ń pàdé lóṣù Kejì, tí wọ́n ń tan àbẹ́là fún àwọn tó kú. Ìyáàfin Cheryl Seidner, tó jẹ́ alága ẹ̀yà náà nígbà náà, wà lára àwọn tó léwájú nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ra ilẹ̀ náà padà. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé ẹ̀yà kékeré ni wọ́n, iye wọn kò tó ẹgbẹ̀rún kan. Wọn kò ní epo rọ̀bì, wọn kò ní gómìnà. Búrẹ́dì díndín ni wọ́n ń tà, pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n tẹ àwòrán sí, àti àwòrán tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹni tó ní díẹ̀ mú díẹ̀ wá. Nígbà tó di ọdún 2000, wọ́n san 106,000 dọ́là fún éékà kan àbọ̀.

Àwa tí a ń fi pulọ́ọ̀tì ka ilẹ̀, bíi pulọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án nìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ilẹ̀ tí májèlé wà nínú rẹ̀! Bó bá jẹ́ ìpàdé wa ni, mo mọ ohun tí àwọn kan ìbá sọ.

Lójú tèmi, pulọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án yẹn ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wá ìrànwọ́ ìjọba àti ti àwọn olùfẹ́ rere, wọ́n ń tún ilẹ̀ náà ṣe díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2004, ìgbìmọ̀ ìlú Eureka fún wọn ní bíi 40 éékà sí i. Ní ọdún 2014, wọ́n ṣe ọdún wọn lórí Tuluwat, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1860. Nígbà tó di ọdún 2019, ìlú náà dá ju 200 éékà padà fún wọn. Ẹni tí kò bá ní ohun kan lọ́wọ́, ṣòro ni kí a tó gbà pé yóò lè tọ́jú èyí tó pọ̀.

Ẹnìkan bi mí pé kí ló dé tí ènìyàn yóò fi owó ra ohun tí wọ́n jí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Àwọn Sioux, tí wọ́n gba àwọn òkè Black Hills lọ́wọ́ wọn ní 1877 láìka àdéhùn ọdún 1868 sí, jàre ní ilé ẹjọ́ tó ga jù ní 1980. Wọ́n ní kí wọ́n wá gba ju 100 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n kọ̀ ọ́. Owó náà ti lé ní bílíọ̀nù kan báyìí, wọn kò tíì fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀, ní ọdún 2012, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Pe' Sla, ibi mímọ́ wọn nínú àwọn òkè náà, ta ní gbàǹjo, ẹ̀yà mélòó kan nínú wọn da owó pọ̀, wọ́n sì san mílíọ̀nù 9 dọ́là láti rà á. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tako ara wọn. Ẹni tó gba owó ilé ẹjọ́ ti ta ilẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó san owó fún ajínigbé kí ó lè rí ọmọ rẹ̀ gbà, ta ni yóò sọ pé kò tíì bí ọmọ náà tẹ́lẹ̀?

Ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Àwa kọ́ ni Wiyot níhìn-ín. A bí púpọ̀ nínú wa sí ìlú yìí, a sì ti sin ìyá àti bàbá wa síbẹ̀, ṣùgbọ́n a bá àwọn onílẹ̀ nílé. Nítorí náà, kí a má ṣe bá ajẹ́ǹtì nìkan sọ̀rọ̀. Kí àwọn àgbà wa kọ́kọ́ lọ kí olórí àdúgbò àti àwọn ìdílé tó ni ilẹ̀, kí wọ́n bèèrè bóyá ibojì tàbí ojúbọ wà níbẹ̀. Bó bá wà, kí a fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, kí gbọ̀ngàn wa sún sẹ́yìn.

Èkejì ni ti ìwé. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ẹ̀tọ́ láti lò ó ni àwa ń gbà. Kí ẹ̀tọ́ yẹn wà lórúkọ àwọn olùtọ́jú ohun-ìní ẹgbẹ́ tí a bá forúkọ wọn sílẹ̀ ní CAC, kì í ṣe lórúkọ alága. Alága wa, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Àwọn ọmọ yín ni mo ń bẹ̀rù, torí wọ́n pọ̀.

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ti ní àwọn yóò máa dín àkàrà tà ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kí èrè rẹ̀ bọ́ sínú àpò ilẹ̀. Mo bẹ akápò kí ó máa ka iye tó wọlé sí etí gbogbo wa ní ìpàdé tó bá tẹ̀lé e, bó ti wù kó kéré tó. Orúkọ àwọn tó ti san wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti san tí kò rí orúkọ rẹ̀, kí ó mú rìsíìtì rẹ̀ lọ bá akọ̀wé kí a tó jẹun.