Ẹ̀wù Bọ́ọ̀lù Ọdún 1976: Àkísà Tó Ju Aṣọ Lọ

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọ̀rọ̀ àkísà kan ló délẹ̀ lónìí: ẹ̀wù tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn wọ̀ ní sáà ọdún 1976. Kí ló lè mú kí ẹ̀wù tí òógùn ti mu, tí oòrùn ti pa láwọ̀, níye lórí ju titun tó wà nínú ọ̀rá lọ? Bí irú rẹ̀ bá sì wà nínú àpótí bàbá kan ní Ìkìrun, kí ló yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣe nípa rẹ̀?

Ẹnìkan lè ní kí ló kan Ìkìrun nínú ẹ̀wù Ìbàdàn. Ó kàn án gbọngbọn. Ní oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù bọ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di ọdún 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ojú irin tó ti Ìbàdàn wá, tó gba Òṣogbo kọjá sí Ìkìrun àti Òkukù, ti so àwọn ìlú náà pọ̀ tipẹ́tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni lẹ́tà mẹ́rin tó ṣáájú orúkọ ẹgbẹ́ náà, IICC, jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba kan. Nítorí náà, ará Ìkìrun tó bá pe ẹgbẹ́ náà ní tirẹ̀ kò purọ́.

Sáà náà kì í ṣe sáà lásán. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje tó wà fún àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ̀ọ̀kan, Tonnerre ti Yaoundé ní Kamẹrúùnù ló sì kọ́kọ́ gbà á. Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ Ìbàdàn fẹ̀yìn Zamalek ti Íjíbítì balẹ̀ kí wọ́n tó kan Tonnerre yìí gan-an ní àṣekágbá. Ní Ìbàdàn, ayò 4 sí 1 ni wọ́n fi borí. Ní Yaoundé, ayò 1 sí òdo ni wọ́n fi pàdánù. Nígbà tí wọ́n ro ó pọ̀, ó di 4 sí 2, ife sì di ti Ìbàdàn. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó ti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí ṣáájú wọn.

Àwọn wo ló wọ ẹ̀wù náà? Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, wà níbẹ̀. Mudashiru Lawal, tó ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì kí òkìkí tó kàn, wà níbẹ̀. Best Ogedegbe náà jẹ́ aṣọ́lé ẹgbẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìwé àti oníṣẹ́ ọwọ́ wọ àwọ̀ kan náà, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ẹ̀wù. Nọ́ńbà nìkan ni. Ẹwà ẹgbẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ìṣòro wà, nítorí pé ẹ̀wù kò ní ẹnu tó lè fi sọ ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀wù Diego Maradona. Ní ọdún 1986, ní Mẹ́síkò, lẹ́yìn tí Ajẹntínà na Ẹ̀ńgíláńdì, Steve Hodge bá a pààrọ̀ ẹ̀wù. Ẹ̀wù náà wà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bọ́ọ̀lù ní Manchester. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tà á ní gbàǹjo ní ọdún 2022, àwọn ẹbí Maradona ní kì í ṣe èyí tó wọ̀ nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, pé ti ìdajì àkọ́kọ́ ni. Àwọn atajà ní láti fi àwòrán ọjọ́ náà wé àmì ara aṣọ náà kí ọkàn àwọn olùrà tó balẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù 7 pọ́n-ùn tí wọ́n tà á. Kì í ṣe òwú ni wọ́n rà. Ẹ̀rí ni wọ́n rà.

Ẹ̀rí yìí gan-an ló ń lọ mọ́ àwọn ará Ìkìrun àti Ìbàdàn lọ́wọ́. Lawal kú ní ọdún 1991, Ogedegbe kú ní ọdún 2009. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1976 ti di àgbàlagbà. Bí àwọn wọ̀nyí bá lọ tán láìsọ̀rọ̀, kò ní sí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀wù tòótọ́ àti èyí tí télọ̀ rán lánàá ní àwọ̀ búlúù àti funfun tí a mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà.

Iṣẹ́ kékeré ló kù fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n má ṣe fi oògùn ìfọṣọ bó ẹ̀wù náà, nítorí àbàwọ́n rẹ̀ lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni í sílẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ti gbà á, àti ọdún tó gbà á. Kí wọ́n ya "mo rí i" sọ́tọ̀ kúrò lára "wọ́n ní". Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wé ìwé ìròyìn ọdún 1976, bíi Daily Sketch àti Nigerian Tribune, tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà náà. Ọ̀nà tí òpìtàn ń gbà ṣiṣẹ́ nìyí. Bí ọmọ ilé-ìwé bá fi ẹ̀wù bọ́ọ̀lù kọ́ ọ, yóò lè lò ó fún ìtàn ọba àti ti ogun.

Owó lè ra ẹ̀wù titun lọ́la. Ìtàn 1976 kò sí lórí àtẹ; ẹnu àwọn àgbà ló ṣì wà, ẹ lọ bi wọ́n.