Ẹ Má Jẹ́ Kí Fóònù Di Asọ̀rọ̀mágbèsì
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Moníyà

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù nìkan ni a pè yín sí lónìí. Ọ̀rọ̀ fóònù ni, nítorí fóònù ti di irinṣẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ àpò ara wa ni owó rẹ̀ ti ń jáde.

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pè é. Ó ń sọ tirẹ̀, a kò lè dá a lóhùn. Ní ilé iṣẹ́, pátákó ìkéde ẹ̀gbẹ́ géètì ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá fún wa. Pátákó kò gbèsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a jọ ń rí i. Ẹni tí kò mọ̀wé, ẹnìkejì rẹ̀ a kà á fún un. Ìkéde náà ní déètì, ó ní ìbuwọ́lùwé. Bí àríyànjiyàn bá dé, a ó ní kí a jọ lọ wo pátákó.

Ní 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá ń fẹ́ tẹlifóònù NITEL lè fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró. Ní 2009, WhatsApp bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lónìí, orí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ṣíìfù sí, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ìpàdé, orí rẹ̀ náà ni ọ̀gá ti ń bínú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Bàbá kan láàrin wa, tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni ó ń lò. Ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n kọ ọ́ sórí WhatsApp pé kí àwọn ṣíìfù ọ̀sán wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá kò rí i. Ó dé lọ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó bá kúẹ́rì nílẹ̀, wọ́n sì gé owó ọjọ́ kan. A lọ bá mánéjà. Ó ní, “A ti fi í sórí gúrúùpù.” A bi í pé ta ló ra fóònù fún un, ta ló ra dátà? Kò fèsì. A kò kúrò nídìí ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi dá owó padà, ṣùgbọ́n kúẹ́rì náà ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀ títí di òní.

Àwọn tó rí ìkéde náà pàápàá kò lè béèrè ọ̀rọ̀. Láti 2018 ni WhatsApp ti fún alábòójútó gúrúùpù láyè pé kí òun nìkan máa kọ̀wé síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe tiwa. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ohun èlò tí ó ní etí, tí ó ní ẹnu, wọ́n ti sọ ọ́ di asọ̀rọ̀mágbèsì.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Láyé àtijọ́, ojúlùmọ̀ ló ń fi lẹ́tà rán yín. Nísinsìnyí, oníṣòwò tó wà ní Dùgbẹ̀ ń tajà lórí Facebook fún ẹni tí kò rí rí, ẹ̀yin ni wọ́n ń kó wéébíìlì fún. Bí pálì bá dé pẹ̀lú àbùkù, olùtajà á ní awakọ̀ ni, olùrà á ní awakọ̀ ni. Ẹ má gba ẹrù tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra, kí olùfiránṣẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù yín nípa ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀.

A kò kórìíra fóònù o. Àwọn awakọ̀ tó ń fi áàpù gbé èrò kò ní gáréèjì tí wọ́n ti lè pàdé, síbẹ̀ wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ AUATON sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i ní 2023.

Òfin pẹ̀lú kò sùn. Labour Act, tó ti wà láti 1974, sọ pé iṣẹ́ tó bá kọjá wákàtí tí a jọ fohùn sí, ófátáìmù ni. Ó tún sọ pé ìkìlọ̀ ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tọ́jú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ní kóòtù, bí a bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má pa ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ́ lórí fóònù. Ẹ má sì bú ọ̀gá níbẹ̀, torí pé ẹ̀rí náà nìyẹn. Ní Faransé, láti 2017, ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ bá wọn jíròrò lórí ẹ̀tọ́ wọn láti pa fóònù iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́.

Ohun tí a fẹ́ gbé lọ bá àwọn ọ̀gá kò ju mẹ́rin lọ. Àkọ́kọ́, kí ìyípadà ṣíìfù wà lórí pátákó pẹ̀lú, ó kéré tán wákàtí 24 ṣáájú. Èkejì, kí wọ́n san ófátáìmù fún iṣẹ́ tí wọ́n bá fi fóònù pè wá sí lẹ́yìn ìṣíwọ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má jìyà nítorí pé kò ní fóònù ńlá tàbí dátà, kí gúrúùpù sì ṣí sílẹ̀ fún èsì. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n yọ kúẹ́rì bàbá yẹn kúrò nínú fáìlì.

Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kí ó wá buwọ́ lu ìwé tó wà lórí tábìlì yìí kí ó tó lọlé. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kí ó tẹ̀ka. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.