Ẹ̀rọ Omi Gbígbóná Inú Ilé: Alágbàá Tàbí Ti Ojú-Ẹsẹ̀?

Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní ọdún, kò sí ẹni tí ń gbé ìlú Ìlọrin tí kò mọ bí omi ti máa ń rí ní ìdájí. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á gba orí ilé kọjá, ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun, omi tí ó sun inú táńkì ìta á sì tutù débi pé ọwọ́ kò ní fẹ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni ìrun Àsùbáà kì í sún síwájú nítorí òtútù. Arúgbó gbọ́dọ̀ ṣe àlùwàlá. Abiyamọ gbọ́dọ̀ wẹ ìkókó. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Nítorí náà, omi gbígbóná kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́ ní irú àsìkò yìí.

Ní ayé àtijọ́, igi ìdáná ni wọ́n fi ń gbé e kaná. Lẹ́yìn náà ni sítóòfù kẹrosíìnì dé, tí gáàsì tẹ̀ lé e, tí irin tí wọ́n ń kì bọ garawa omi pẹ̀lú iná ẹ̀lẹ́tíríìkì sì wọ ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ká a ra ẹ̀rọ alágbàá, èyí tí wọ́n ń kọ́ mọ́ ògiri balùwẹ̀, tí ó ń mú omi gbóná, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú. Ṣùgbọ́n irú mìíràn ti wọ ọjà: ẹ̀rọ kékeré tí kò ní àgbá rárá, tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí ó sì ń gbóná lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà níwájú ọ̀pọ̀ ilé ni pé: ṣé kí wọ́n pa àgbá tì?

Ẹ fi ojú inú wo olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn aládùúgbò ń pè ní Bàbá Ìbejì. Àgbá ẹ̀rọ tí ó wà ní balùwẹ̀ rẹ̀ ti dípẹtà, ó sì ń jò. Ìyá rẹ̀, tí ó ti lé ní 80 ọdún, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wá sí Post Office láti wá òmíràn, wọ́n sì dúró níwájú ìsọ̀ ọlọ́jà kan.

“Àlàájì,” ni ọlọ́jà wí, “ẹ má wulẹ̀ ra alágbàá mọ́. Ayé ti kọjá ibẹ̀. Èyí kò gba àyè, kì í jẹ iná. Bí ẹ bá ti ṣí omi báyìí, gbígbóná ni yóò máa bọ̀.”

Ìyá Ìbejì kò dá ọlọ́jà lóhùn. Ọkọ rẹ̀ ni ó kọjú sí. “Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi bi wọ́n: bí wọ́n bá mú iná lọ ní aago mẹ́rin ìdájí, kí ni Ìyá yóò fi ṣe àlùwàlá?”

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. “Àlàájà, jẹnẹrétọ̀ tí ó wà nílé ńkọ́?”

Nínú ọ̀rọ̀ díẹ̀ yìí ni gbogbo àríyànjiyàn náà wà.

Kí a kọ́kọ́ mú ti pé “kì í jẹ iná.” Ohun tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi yé ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni pé omi kì í ṣe ojúsàájú. Kí lítà omi kan tó fi dígíìrì 1 gbóná sí i, yóò gba nǹkan bí 4,200 júùlù, ì báà jẹ́ igi ni wọ́n fi dáná sí i, ì báà jẹ́ gáàsì, ì báà jẹ́ ẹ̀lẹ́tíríìkì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí ó gba lítà 20, tí ó wà ní dígíìrì 20 ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ kí ó dé dígíìrì 40, yóò jẹ iná tí ó fi díẹ̀ dín sí ìdajì yúníìtì lórí mítà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí àjọ NERC sọ yúníìtì kan di náírà 225 fún àwọn oníbàárà ìpele A, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan bẹ́ẹ̀ yóò ná ènìyàn ní nǹkan bí náírà 105. Nínú irú ẹ̀rọ méjèèjì tí ọlọ́jà yìí ń tà, kò sí èyí tí ó lè bá omi dúnàá-dúrà kí ó gba ohun tí ó kéré sí i.

Níbo wá ni èrè tí wọ́n ń ròyìn wà? Ó wà nínú ooru tí ń sá kúrò lára àgbá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo omi. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára sọ pé, nínú ilé tí kò lò ju gálọ́ọ̀nù 41 omi gbígbóná lọ lójúmọ́, èyíinì ni nǹkan bí lítà 155, ẹ̀rọ ojú-ẹsẹ̀ lè fi ìdá 24 sí 34 nínú ọgọ́rùn-ún dára ju alágbàá lọ nípa ìlò agbára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbá ńlá tí ń gbóná tọ̀sán-tòru, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n níbẹ̀. Ní ilé Bàbá Ìbejì, súwíìṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń tàn án nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀, òun náà ni ó ń pa á. Ihò tí owó ń gbà jò ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ obìnrin yìí ti dí i pa láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti ń béèrè iná lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Ẹ̀rọ alágbàá oní-lítà 30 sábà máa ń lo nǹkan bí 1,500 wáàtì. Ó ń rọra ṣiṣẹ́: láàárín nǹkan bí wákàtí kan, yóò ti mú omi inú rẹ̀ láti dígíìrì 20 dé 60. Bí wọ́n bá bu omi tútù lù ú, omi ìwẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì 3 ni yóò di. Bí iná bá lọ lẹ́yìn náà, omi náà kò ní bá iná lọ. Yóò ṣì gbóná fún wákàtí púpọ̀. Ẹ̀rọ ojú-ẹsẹ̀ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Kékeré inú wọn ń gba 3,500 wáàtì, òmíràn ń gba 5,500. Èyí tí ó gba 3,500 pàápàá, lítà 2 àbọ̀ péré ni ó lè mú láti dígíìrì 20 dé 40 ní ìṣẹ́jú kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan yóò gbà á ní ìṣẹ́jú 8. Ìṣẹ́jú 8 kò burú, bí iná bá pé.

Bí iná kò bá pé ńkọ́? Ohun tí ọlọ́jà kò sọ nìyí, bóyá òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Bí fólítéèjì bá lọ sílẹ̀ láti 230 sí 160, ènìyàn lè rò pé díẹ̀ ni agbára ẹ̀rọ yóò fi dín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdínkù náà ń di ìlọ́po ara rẹ̀, tí 3,500 wáàtì fi ń di nǹkan bí 1,700, èyí tí kò tó ìdajì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó gba ìṣẹ́jú 8 yóò wá gbà ju 16 lọ. Bí wọ́n bá sì ṣí omi kí ó sáré bí ti tẹ́lẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni yóò máa kán sára arúgbó. Irú iná rírọ bẹ́ẹ̀ kan alágbàá náà, ṣùgbọ́n kìkì pé yóò pẹ́ sí i ni. Omi rẹ̀ yóò gbóná dé ibi tí ó yẹ kí ó gbóná dé.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ kò gùn. Èyí tí ó kéré jù, tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò, kò lè gbé tó 1,000 wáàtì. Kò sí bí yóò ti gbé 3,500.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ilé kọ̀ọ̀kan wo mítà rẹ̀ kí ó tó wo ọjà. Láti ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ IBEDC ti ń pín iná fún Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tí ó jogún iṣẹ́ NEPA àtijọ́. Lábẹ́ ètò ìpele, ìpele A ni wọ́n là sílẹ̀ fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Ẹni tí ó wà ní ìpele A, tí fólítéèjì rẹ̀ sì dúró ṣinṣin ní ìdájí, lè fi ọkàn balẹ̀ ra ẹ̀rọ ojú-ẹsẹ̀. Ẹni tí ó wà ní D kò rí ìdánilójú pé iná yóò wà ní wákàtí tí òun nílò rẹ̀. Ó yani lẹ́nu díẹ̀ pé ìdídò Jẹ́bà, tí wọ́n ṣí ní 1985, kò jìnnà sí Ìlọrin. Ṣùgbọ́n iná kì í mọ aládùúgbò, ojú wáyà ni ó ń tọ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, níbi tí ọ̀pọ̀ ìran Yorùbá wà, ẹ̀rọ ojú-ẹsẹ̀ tí wọ́n fi sórí ṣáwà ti di ohun ilé gbogbo. Kódà níbẹ̀, ó wà lára ohun tí ń mú kí ẹrù iná wúwo ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá dé láti ibi iṣẹ́ tí wọ́n sì wọ balùwẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í sì í ṣe ọmọ tuntun. Ní 1868 ni Benjamin Waddy Maughan ti ṣe irú rẹ̀ tí ń lo gáàsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 21 kí Edwin Ruud tó gbé ẹ̀rọ alágbàá tí ń dá ara rẹ̀ ṣe jáde ní Amẹ́ríkà. Èyí tí ọlọ́jà ń pè ní ayé tuntun ni àgbà.

Ẹ̀rọ Maughan náà fi ewu kan hàn tí ó ṣì wà títí di òní. Kò ní ihò èéfín. Àwọn kan ní Ìlọrin ti ń rò ó pé, bí iná kò bá ṣeé gbára lé, kí àwọn ra ojú-ẹsẹ̀ onígáàsì. Ó dára bí wọ́n bá kọ́ ọ sí ìta, tàbí tí èéfín rẹ̀ ní ọ̀nà jáde. Nínú balùwẹ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ọyẹ́, gáàsì kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́sáìdì tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, lè pa ẹni tí ń wẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣe òun.

Ti ẹ̀lẹ́tíríìkì náà ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ 3,500 wáàtì ń fa ju áńpíà 15 lọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé kò sì ju 13 lọ. Bí wọ́n bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, yóò yọ́. Ó nílò wáyà tirẹ̀ tí ó nípọn, tí ó wá tààrà láti ibi tí iná ti wọlé, pẹ̀lú ohun tí ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó nílò wáyà ilẹ̀ tí ó wọ ilẹ̀ ní tòótọ́; nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé àtijọ́ ní Ìlọrin, wáyà ilẹ̀ kò sí, tàbí kí ó ti já láti ọdún pípẹ́. Ara tí ó tutù fún omi kì í bá iná jà kí ó yè. Ẹ̀rọ alágbàá pàápàá nílò wáyà ilẹ̀ yìí.

Omi náà sì gbọ́dọ̀ ní agbára. Bí táńkì ìta bá fi mítà 3 péré ga ju ẹ̀rọ lọ, omi kò ní sáré púpọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ojú-ẹsẹ̀ kò sì ní tan iná rárá àfi bí omi bá sáré dé ìwọ̀n kan. Ẹni tí kò mọ èyí yóò dá ẹ̀rọ padà fún ọlọ́jà pé ó ti bàjẹ́.

Kí ni Bàbá Ìbejì ṣe? Ní ọjọ́ náà, kò ra ẹ̀rọ kankan. Ó ra fúláásì lítà 2, ó sì yá ohun ìwọn fólítéèjì lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná kan. Òwúrọ̀ 7 ni ó fi jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, tí ó ń kọ ohun tí ó rí sínú ìwé bí ìgbà tí ó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Iná wà ní òwúrọ̀ 4. Nínú mẹ́rin yìí, 2 kò dé 180. Ìyá Ìbejì ka ìwé náà, ó dá a padà fún un, kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n padà sí Post Office, wọ́n sì ra alágbàá oní-lítà 15, nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ tóbi ju ilé wọn lọ. Wọ́n sì san owó oníṣẹ́ tí yóò ri irin wáyà ilẹ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ọlọ́jà ṣì ní ojú-ẹsẹ̀ ni àwọn ará GRA ń rà. Bàbá Ìbejì dá a lóhùn pé ó lè jẹ́ pé iná tiwọn pé.

Ṣùgbọ́n fúláásì ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Lítà 2 omi gbígbóná, bí wọ́n bá fi omi tútù là á, yóò di nǹkan bí lítà 7 omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, iná ì báà wà, ì báà má sí. Ní ìdájí ọyẹ́, Ìyá àgbà kò bèèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n rà. Ó kàn na búta rẹ̀ síwájú.